Fúláàṣì Tó Ń Ka Aago ní Méjì-méjì

Iná ti lọ ní Bàrúwà, bátìrì kọ̀ǹpútà Ganiyat sì ń kú lọ. Bí ètò kọ̀ǹpútà tó ń kọ sórí fúláàṣì kò bá dé ọ̀dọ̀ ọ̀gá rẹ̀ kí ọ̀sán tó pọ́n, wọn yóò lé e níṣẹ́. Ìlà kan péré ló tún ṣe, ẹ̀rọ bá tún bẹ̀rẹ̀ sí í to gbogbo fáìlì ètò náà pọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

“Ṣé gbogbo ẹ̀wù lèèyàn ń tú nítorí bọ́tìnnì kan ni?” Bàbá Ràímì, aránṣọ tí wọ́n jọ ń gbélé, fi í ṣe yẹ̀yẹ́.

“Bàbá, fúláàṣì yìí ni! Ìṣẹ́jú àáyá méjì-méjì ló ń kà. Fáìlì tó parí ní ìṣẹ́jú àáyá kẹta, ìkejì ló ń kọ sí i. Ẹ̀rọ tó rántí ìkẹta wá rí ìkejì, ó rò pé fáìlì náà ti gbó, ó sì ń tún un tò.”

Ganiyat kó gbogbo rẹ̀ kúrò lórí fúláàṣì sínú kọ̀ǹpútà, ó tún bẹ̀rẹ̀. Ó ku fáìlì mẹ́ta kó parí ni bátìrì kú, ojú kọ̀ǹpútà sì ṣókùnkùn.