Ọ̀dà Tí Bàbá Ọlọ́dà Họ Dànù

Bàbá Ọlọ́dà là ń pe ọ̀rẹ́ mi. Ó ti lé ní ogójì ọdún tó ti ń kun mọ́tò. Èmi ń lẹ táyà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, páànù lásán ló pààlà wa. N kò mọ̀wé púpọ̀. Ohun tí mo fojú rí ni mò ń kọ.

Bí ẹnìkan bá ní kó kàn fi ọ̀dà bo mọ́tò òun lókè lókè, á dá a padà. Á ní, "Èmi kì í fi àtíkè bo egbò." Á họ ọ́ kanlẹ̀, ó di ojú irin. Bí ọ̀gá rẹ̀ ṣe kọ́ ọ nìyẹn.

Mọ́tò kan ṣoṣo ni kì í fọwọ́ kàn: tirẹ̀. Onílẹ̀kùn méjì, aláwọ̀ ewé. Ọ̀gá rẹ̀ ló fún un kó tó kú. Ọ̀dà ara rẹ̀ ti ṣá, ó ti sán bíi gìgísẹ̀ àgbẹ̀. Mo máa ń sọ fún un pé onígbàjámọ̀ tí irun bo lójú ni. Á ní òun kò ráyè.

Lọ́dún tó kọjá, iná sọ ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Mọ́tò oníbàárà méjì jóná. Díẹ̀ ló kù kí tirẹ̀ náà lọ. Ọmọ rẹ̀ obìnrin wá ní kó lọ gba ìwé adójútòfò, torí bí iná bá jó o, kò ní rí owó fi ra irú rẹ̀ mọ́ láyé. Ọmọ náà ya fọ́tò mọ́tò, ó fi ránṣẹ́. Ilé-iṣẹ́ adójútòfò ní àwọn á rán ẹni tó ń díyelé mọ́tò àtijọ́ wá lọ́jọ́ Ẹtì.

Ọ̀rẹ́ mi ní òun kò lè fi ìdọ̀tí pàdé àlejò. Ọjọ́ márùn-ún gbáko ló fi họ ọ́, tó fi kùn ún. Èmi ni mo ń di rọ́bà omi mú fún un. Ìyàwó rẹ̀ dé, ó dúró, ó ń wò ó.

"Bàbá wa, ẹ ò fi ìdajì eléyìí tọ́jú mi rí."

"Ìwọ ò tíì dógùn-ún."

"Ẹ máa wí."

Lọ́jọ́ Ẹtì, ọmọbìnrin kan dé láti ilé-iṣẹ́ náà pẹ̀lú fáìlì. Ó wo fọ́tò, ó wo mọ́tò.

"Bàbá, èyí dára o. Ti inú fọ́tò wá ńkọ́?"

"Òun náà nìyí."

Ó rẹ́rìn-ín. "Ẹ má bá mi ṣeré, bàbá."

Ó yọ ẹ̀rọ kékeré kan tí wọ́n fi ń yẹ ọ̀dà wò, ó gbé e lé ilẹ̀kùn, ó gbé e lé òrùlé mọ́tò. Ẹ̀rín kúrò lẹ́nu rẹ̀.

"Ta ló họ ọ́?"

"Èmi ni. Ó dé irin. Kò sí màgòmágó níbẹ̀."

Ọmọ náà pa fáìlì dé. "Bàbá, ọ̀dà yẹn gan-an ni mo wá wò. Irú mọ́tò yìí ṣì pọ̀. Èyí tí ọ̀dà ọjọ́ tí wọ́n ṣe é ṣì wà lára rẹ̀ ni kò wọ́pọ̀. Iye tí a fẹ́ kọ sílẹ̀ fún un tó kọ́lé. Ní báyìí, bí a bá pín in sọ́nà mẹ́fà, ẹyọ kan ni mo lè kọ."

"Ọ̀dà tó ti sán yẹn?"

"Òun náà, bàbá."

Àkísà wà lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ mi. Ó ń nu dígí tó ti mọ́ tẹ́lẹ̀. Ọjọ́ márùn-ún ni omi àwọ̀ ewé fi ṣàn nínú gọ́tà níwájú ṣọ́ọ̀bù mi, tí mò ń fò ó kọjá.

Ìyàwó rẹ̀, tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, ní, "Ọmọ mi, kò ṣeé kùn padà sí ti tẹ́lẹ̀?"

"Màmá, kò sẹ́ni tó lè kun mọ́tò kó gbó."

Ọ̀rẹ́ mi ká àkísà náà sínú àpò.

"Ká ní ọ̀lẹ ni mí, mi ò bá ti là."

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Ó ní kí ọmọ náà kọ ohun tó rí. Ó kọ ọ́. Ọ̀rẹ́ mi fọwọ́ sí i.

Láti ọjọ́ náà, bí wọ́n bá gbé mọ́tò àtijọ́ wá, kì í sáré mú sáńpépà mọ́. Á kọ́kọ́ yí i po, á bi ẹni tó ni ín pé, "Ta ló ń bọ̀ wá wò ó?" Àwọn mìíràn rò pé ogbó ń ṣe é, wọ́n á gbé mọ́tò wọn lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn. Kì í pè wọ́n padà.