Òwú Tí Kò Sí Lọ́wọ́ Bàbá Mi

Láàárọ̀ ọjọ́ tí bàbá mi wá pidán nílé ìwé wa ní Uselu nílùú Benin, òórùn èédú àti ti aṣọ tútù lábẹ́ áyọ́ọ̀nù ló jí mi. Télọ̀ ni bàbá mi ní ọjà Santana, bùbá ara rẹ̀ ló sì ń lọ̀, èyí tí apá rẹ̀ fẹ̀ bí àpò ìrọ̀rí. Tíṣà wa ló bẹ̀ ẹ́ pé kó wá dá wa lára yá níbi ayẹyẹ ìparí ọdún. Dídùn ló yẹ kí inú mi dùn, àmọ́ ojú ló ń tì mí sílẹ̀ de ọjọ́ náà. Àwọn ẹgbẹ́ mi tí bàbá wọn ń fi mọ́tò gbé wá sílé ìwé ló fẹ́ wá wo bàbá tèmi tó ń fi ọwọ́ lásán ránṣọ.

Idán kan ṣoṣo tó mọ̀ nìyẹn. Á ki aṣọ ìnujú pupa kan bọ inú ìkúùkù òsì, á wá fi ọwọ́ ọ̀tún fa òwú tí kò sí jáde láti inú afẹ́fẹ́. Á lá ẹnu òwú náà, á di ojú kan, á fi í bọ ojú abẹ́rẹ́ tí kò sí, á ta kókó. Á wá rán ìkúùkù náà pa, á fi eyín gé òwú. Bó bá la ọwọ́, ìnujú ti dàwátì. Ó ti fi àṣírí rẹ̀ hàn mí nílé: nígbà tí gbogbo èèyàn ń wo abẹ́rẹ́, ìnujú ti wọ inú apá bùbá lọ. "Ojú lọ̀rọ̀ wà," ló máa ń wí. "Ibi tí ojú mi bá lọ ni ojú tiwọn náà ń lọ."

Lọ́jọ́ náà, kò sẹ́ni tó fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ọmọkùnrin tó jókòó tì mí ń fojú bá òwú náà lọ bí ẹni pé ó rí i. Ọkàn mi ṣẹ̀ṣẹ̀ ń balẹ̀ ni mo rí etí ìnujú pupa tó yọ jáde lápá bùbá bàbá mi. Òun ò mọ̀. Ọmọkùnrin yẹn ti na ọrùn, ó ní, "Wetin red dey comot for your papa hand so?"

N kò ronú rárá. Mo fò dìde láàárín gbogbo ilé ìwé, mo di etí mi mú. Mo ní, "Bàbá, òwú yín há mọ́ mi létí o."

Gbogbo ojú yí sí mi. Bàbá mi wò mí, ó wo apá rẹ̀ fìrí, ó sì yé e. Ó fa òwú náà díẹ̀, orí mi tẹ̀ lé e. Ó tún fà á, mo sì tẹ̀ títí mo fi fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú lu tíṣà. Kí ẹ̀rín tó rọlẹ̀, kò sí pupa kankan lápá rẹ̀ mọ́. Bí a ṣe ń rìn lọ sílé, ó ní, "Ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i," ó sì di ọwọ́ mi mú títí a fi délé. Mo fẹ́ràn rẹ̀ lọ́jọ́ náà ju bí mo ṣe lè sọ lọ.

Báńkì ni mo ti ń ṣiṣẹ́ báyìí, nínú Benin yìí kan náà. Lóṣù tó kọjá, bàbá mi yà kí mi níbẹ̀, tòun ti fìlà rẹ̀ tó ti ṣá. Ó rí ọmọ kan tó ń sunkún lẹ́yìn ìyá rẹ̀, ló bá lá ẹnu òwú, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ránṣọ. Ọmọ náà dákẹ́. Bàbá mi wá yíjú sí mi níbi tí mo jókòó sí lẹ́yìn gíláàsì, ó fa òwú.

Mo di etí mi mú, orí mi tẹ̀ lé e, ọmọ náà sì bú sẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n mo kọ́kọ́ wo ẹnu ọ̀nà ọ́fíìsì ọ̀gá mi ná. Ọmọ ọdún mẹ́jọ tó dìde ní Uselu ọjọ́sí ò wo ojú ẹnì kankan.