Bí Bàbá Àgbà Ṣe Pòórá Nínú Fíìmù

Nígbà tí mo ṣì kéré, tí eyín iwájú mi ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hù padà, ọ̀dọ̀ bàbá tó bí bàbá mi ni mo ti máa ń lo ọlidé, ní Ifọ̀. Káfíńtà ni wọ́n kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì, irùngbọ̀n wọn funfun báláú.

Lọ́jọ́ kan, àwọn tó ń ṣe fíìmù wá láti Èkó. Fíìmù ọmọdé ni, nípa ọmọkùnrin kékeré kan tó ń pidán àti bàbá àgbà tó kọ́ ọ. Bí wọ́n ṣe rí bàbá mi àgbà, wọ́n ní ẹni tí àwọn ń wá rèé. Bàbá gbà, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti dojú kọ ọmọkùnrin tí àwọn ará Èkó mú wá, ọ̀rọ̀ á tán lẹ́nu wọn. Ni bàbá bá nawọ́ sí mi: "Ọmọ ọmọ mi rèé. Ẹ jẹ́ kí òun ṣe é." Obìnrin ni mí, ṣùgbọ́n irun mi ti wà ní gígé nítorí ilé ìwé. Wọ́n dé mi ní fìlà, mo di ọkùnrin.

Ìròyìn dé etí màmá mi ní Mowe. Ẹni tí kì í fi àdúrà ṣeré ni. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, wọ́n ti dé. Wọ́n kúnlẹ̀ kí bàbá, wọ́n ní, "Ẹ má bínú, bàbá, mo fẹ́ mú ọmọ mi lọ. A kì í pidán nílé wa."

Bàbá ò jiyàn. "Ìyàwó mi, jókòó kí o kọ́kọ́ wò ó. Tó bá jẹ́ iṣẹ́ Sátánì, kí ẹ jọ máa lọ."

Ibi tí bàbá ti máa pòórá ló kàn. Mo na ọ̀pá idán sí wọn. Àwọn tó ń ya fíìmù dá kámẹ́rà dúró, wọ́n ní kí n má mira. Bàbá dìde, wọ́n rọra rìn bọ́ sẹ́yìn kámẹ́rà, yíyà sì tún bẹ̀rẹ̀. Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Màmá mi bú sẹ́rìn-ín: "Àṣé ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń pòórá!"

Wàhálà tó kù ni pé ó yẹ kí n sunkún pé bàbá ti pòórá. Ẹkún ò wá. Báwo ni yóò ṣe wá, nígbà tí bàbá wà lọ́ọ̀ọ́kán tí wọ́n ń ṣẹ́jú sí mi? Oòrùn ń lọ, adarí fíìmù ti ń kanra. Bàbá wá bá mi, wọ́n bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n sọ ọ́ sí mi létí pé, "Ọmọ mi, ọjọ́ kan ń bọ̀ tí wàá wo ọ̀hún yẹn, o ò sì ní rí mi."

Ẹ̀yin ọmọ, wọ́n pa kámẹ́rà tán, mi ò dákẹ́. Màmá mi ló gbé mi mọ́yà.

Bàbá wo fíìmù náà. Wọ́n ní ká dá ibi ẹkún yẹn padà kí àwọn tún un wò. Ìgbà tí wọ́n papò dà, mo ti dàgbà, mi ò sì sunkún tó bí àwọn èèyàn ṣe rò. Bóyá mo ti sun púpọ̀ nínú rẹ̀ sílẹ̀ lọ́jọ́ náà.

Ayé ti yí. Fóònù wà lọ́wọ́ ọmọdé báyìí, wọ́n ń fi ṣe fíìmù tiwọn. Ó dára, mi ò bá wọn jà. Àmọ́ tí mo bá bi àwọn ọmọ àdúgbò wa ní Lotto pé bàbá wọn àgbà ńkọ́, wọ́n á ní àwọn ń rí wọn lórí fóònù. Níbo ni bàbá ọ̀hún ń gbé? Ifọ̀ níbí, Akute níbẹ̀ yẹn. Ẹ wọ mọ́tò. Ẹ lọ jókòó tì wọ́n.