Orúkọ Ìyá Múfú Ló Wà Lókè

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ Ṣángo wá ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ ńláńlá, wọ́n máa sọ fún yín pé àwa ayálégbé kan ládùúgbò yìí dìde sí onílé wa, a sì borí. Òótọ́ ni. Àmọ́ kí n tó sọ bí a ṣe borí, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ibi tí èmi ti ṣàṣìṣe, torí bí mo bá fi í di ìparí, ẹ̀rù lè bà mí, kí n má sọ ọ́ mọ́. Èmi ni mo kọ lẹ́tà tí a fi jà. Orúkọ tèmi ló yẹ kó wà lókè ibi tí a fọwọ́ sí. Orúkọ obìnrin àgbàlagbà kan tí kò mọ̀wé ni mo fi síbẹ̀, mo sì pè é ní ọ̀wọ̀.

Ọdún tí owó epo bẹ́ sókè lójijì ló ṣẹlẹ̀, tí àpò ìrẹsì kan fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé odindi owó oṣù òṣìṣẹ́ mì. Ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe bọ́kẹ́ẹ̀tì àti àga oníke ni mò ń bá ṣe, ibẹ̀ náà ni mo ṣì wà. Mi ò ka ìwé girama parí. Ó ku ọdún kan kí n jáde ni bàbá mi kú. Síbẹ̀, nínú ilé tí a ń gbé, èmi ni mo mọ bíró mú jù, ìyẹn ni wọ́n fi ń pè mí ní Sẹ́kítírì.

Ilé gbọọrọ ni. Yàrá mẹ́fà lọ́tùn-ún, mẹ́fà lósì, ọ̀dẹ̀dẹ̀ láàárín, kànga kan lẹ́yìnkùlé tí kì í gbẹ lẹ́ẹ̀rùn. Èmi àti Rónkẹ́ ìyàwó mi wà ní yàrá kẹta, oyún oṣù márùn-ún sì wà nínú rẹ̀. Ìyá Múfú wà ní yàrá tó kẹ́yìn, èyí tó sún mọ́ kànga. Opó ni. Múfú, ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n fi ń pè é, gba inú aṣálẹ̀ lọ sí òkè òkun, a ò sì gbúròó rẹ̀ mọ́. Iṣẹ́ ìyá ni kó ra àwọn àpò tí ilé iṣẹ́ oúnjẹ adìyẹ ti lò, kó fọ̀ wọ́n létí kànga, kó sá wọn sórí okùn, kó lẹ èyí tó ya, kó sì tà wọ́n fún àwọn tó ń kó àgbàdo. Ó ti gbé inú yàrá yẹn kí ẹnikẹ́ni nínú wa tó dé. Kò sí yàrá mìíràn tó lè ṣe é láǹfààní bẹ́ẹ̀ láyé yìí, torí kànga yẹn ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan ni Káyọ̀dé, ẹ́jẹ́ǹtì onílé wa, wá lẹ ìwé mọ́ ara ògiri. Owó ilé ti di ìlọ́po méjì. Ẹni tí kò bá lè san án, kó wá ilé gbà.

Baba Ìbejì, awakọ̀ tó ń gbé yàrá àkọ́kọ́, ló kọ́kọ́ pariwo. "Káyọ̀dé, ìlọ́po méjì? Ṣé ẹ kun ilé ni? Ṣé ẹ ti tún òrùlé tó ń jò sórí àwọn ọmọ mi ṣe?"

"Baba Ìbejì, ẹ jáde kí ẹ lọ bèèrè iye tí wọ́n ń gba yàrá kan níta," ni Káyọ̀dé dá a lóhùn. Ó ń nu gọ́ọ̀mù kúrò lọ́wọ́. "Ẹ máa padà wá dọ̀bálẹ̀ fún mi."

Kò parọ́. Èmi ti jáde. Nítorí oyún Rónkẹ́, mo ti ń wá yàrá àti pálọ̀ fún nǹkan bí oṣù méjì. Ẹ́jẹ́ǹtì á gba owó ìrìn lọ́wọ́ yín kó tó gbé ẹsẹ̀, á mú yín gba inú ẹrọ̀fọ̀, ẹ ó dé ibẹ̀, ilé ọ̀hún kò ní fèrèsé. Ní Ítẹ̀lé, àwa méje ni ẹ́jẹ́ǹtì kan kó wọ inú yàrá kan ṣoṣo lẹ́ẹ̀kan náà, a ń wo òkè àjà bí ẹni wá ra màlúù. Ó ní, "Ta ló lè san ti ọdún méjì lónìí, pẹ̀lú àgírímẹ́ǹtì àti kọ̀mísọ́ọ̀nù?" Ọkùnrin kan gbé fóònù rẹ̀ sókè, ó ní, "Ẹ mú àkáǹtì wá." Ó parí nìyẹn. Àwa mẹ́fà tó kù jáde láìwo ojú ara wa. Ọjọ́ yẹn ni ìbẹ̀rù wọ inú eegun mi, ìbẹ̀rù yẹn náà ló sì sọ̀rọ̀ láti ẹnu mi lọ́jọ́ ìpàdé.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú la ṣèpàdé ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. A fẹnu kò pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ yọ́ lọ san owó tuntun, pé a ó kọ lẹ́tà sí Díákónì, ìyẹn onílé wa. Baba Ìbejì dìde, ó ní, "Ẹni tí wọ́n bá fọwọ́ kàn nínú wa, gbogbo wa ni wọ́n fọwọ́ kàn o." Gbogbo wa dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni. Mo ka lẹ́tà tí mo kọ, wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi, orí mi wú. Mo wá na bíró síta pé kí a fọwọ́ sí i. Kò sẹ́ni tó gbà á.

Baba Ìbejì gbójú sókè. "Ẹ mọ̀ pé awakọ̀ ni mí. Mo lè wà ní Ìbàdàn lọ́jọ́ tí wọ́n bá pè mí."

Ẹnì kan sọ̀rọ̀ láti ẹ̀yìn: "Ẹni tó kọ ọ́ ńkọ́? Sẹ́kítírì, fọwọ́ sí tìrẹ ká tẹ̀ lé ọ."

Gbogbo ojú yí sọ́dọ̀ mi. Gbogbo wa la mọ̀ pé orúkọ tó bá wà lókè ni onílé máa kọ́kọ́ rí. Mo rántí yàrá Ítẹ̀lé. Ẹnu mi bá sọ ọ̀rọ̀ kan tó dùn ún gbọ́.

"Háà, ẹ̀yin àgbà mi," ni mo wí, "ṣé irú èmi ló yẹ kó ṣíwájú ìyá wa? Ọwọ́ àgbà ló ń kọ́kọ́ wọ àwo. Ẹ jẹ́ ká tò ó bí a ṣe jura lọ."

Ta ló fẹ́ ta ko ìyẹn nílẹ̀ Yorùbá? Ara tu gbogbo wọn. "Ẹ ò rí ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé," ni Baba Ìbejì wí, bẹ́ẹ̀ òun náà mọ ohun tí mo ṣe.

Ìyá Múfú rẹ́rìn-ín, ó tún gèlè orí rẹ̀ wé bí ẹni tí wọ́n fẹ́ yà ní fọ́tò. "Èmi tí mi ò dé ẹnu ọ̀nà ilé ìwé rí? Ṣé ìka mi tó ti bó sínú omi ọṣẹ yìí ṣì ní ìlà tó máa jáde?" Mo fi bíró kun àtàǹpàkò rẹ̀. Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú, mo tẹ̀ ẹ́ mọ́ ìwé, mo sì kọ orúkọ rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ìyókù fọwọ́ sí i lẹ́yìn rẹ̀. Tèmi ló wà nísàlẹ̀ pátápátá.

Nígbà tí a wọlé, Rónkẹ́ ní, "Ìwọ lo kọ lẹ́tà. Kí ló dé tí orúkọ rẹ wà lẹ́sẹ̀?"

Mo ní, "Èmi ni mo kéré jù."

Ó wò mí, ó lọ tẹ́ ẹní.

Ọjọ́ Sátidé tó tẹ̀ lé e ni Díákónì fúnra rẹ̀ wá, òun àti Káyọ̀dé. A ti tò síwájú ilé, tọkùnrin tobìnrin, àwọn ọmọ kéékèèké náà. Àwọn àpò Ìyá Múfú la fi ọ̀dà kọ̀wé sí lára, a gbé wọn dání: A Ò LÈ SAN ÌLỌ́PO MÉJÌ. Àwọn tó ń bọ̀ láti ṣíìfù dúró ń wò wá, wọ́n ń hó fún wa. N ò ní purọ́, inú mi dùn lọ́jọ́ yẹn. N ò tíì mọ̀ ọ́n lára rí pé èèyàn lè dúró níwájú ẹni tó ni ilé, kó má sì dọ̀bálẹ̀.

Káyọ̀dé ṣí lẹ́tà náà. "Ta ni Sàlámótù níbí? Ta ni nọ́ńbà wáànù?"

"Èmi nìyẹn," ni Ìyá Múfú dáhùn. Ó bọ́ síwájú.

Díákónì wò ó látòkè délẹ̀. "Màmá, ẹ̀yin lẹ wà nídìí ẹ̀? Pẹ̀lú gbogbo ọdún tí mo ti fi ojú fo àpò tí ẹ ń sá kiri inú ọgbà mi?"

"Bàbá, ẹ ṣeun fún ìyẹn. Àwọn ọmọ wọ̀nyí kò ríṣẹ́ gidi ṣe, ebi ń pa wọ́n. Ẹ bá wa dín in kù."

"Ta ló bá yín kọ ìwé yìí? Mo mọ̀ pé ẹ ò mọ̀wé. Ẹ sọ fún mi, ẹ̀yin kọ́ ni mo ń bá jà."

Ìyá Múfú lè nàka sí mi. Mi ò jìnnà sí i ju ìgbésẹ̀ mẹ́ta lọ. Mo wo bàtà mi. Mo gbọ́ tó ní, "Gbogbo wa la kọ ọ́." Káyọ̀dé bú sẹ́rìn-ín. Díákónì kò rẹ́rìn-ín. Ó ká ìwé náà, ó fi í sí àpò agbádá rẹ̀, ó bá tirẹ̀ lọ.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, Káyọ̀dé padà wá lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí Ìyá Múfú lọ ra àpò. Ó ní Díákónì ti gbọ́ ẹ̀bẹ̀ wa, ó ti gé ìdajì kúrò nínú owó tó fi kún un. A ti ń hó yèè kó tó parí ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ó ní ohun kan ṣoṣo ló kù: Díákónì fẹ́ gba yàrá tó wà létí kànga. "Díákónì ní ẹni tó bá ń kó èèyàn jọ kò lè gbé inú ilé òun. Tí ẹ bá ní ẹ ò gbà, kí yàrá méjìlá kó ẹrù."

A wọ ọ̀dẹ̀dẹ̀. Kò sẹ́ni tó dárúkọ rẹ̀. Baba Ìbejì, ẹni tó ní gbogbo wa ni wọ́n fọwọ́ kàn, ló ní, "Ó máa yé ìyá náà. Àgbà ni. Ẹni tó bá gbà, kó nawọ́." Ọwọ́ ń lọ sókè níkọ̀ọ̀kan. Mo na tèmi. Kì í ṣe pé wọ́n tì mí.

Nígbà tí a sọ fún un nírọ̀lẹ́, ó jókòó sórí àpò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rà. Ó ní, "Gbogbo yín náà?" Ó wò wá níkọ̀ọ̀kan. Ó ní, "Ó dáa. Ẹ ṣáà rí i pé wọ́n dín in kù lóòótọ́."

Èmi ni mo bá a wá ilé kiri. Ẹ̀rí ọkàn ni, ẹ má yìn mí. Ní Ọ̀tà, ẹ́jẹ́ǹtì kan bi í léèrè níṣojú mi pé, "Màmá, tí ẹ bá kú sínú ilé ọ̀hún, ta ló máa wá gbé yín?" Ní Ítẹ̀lé, onílé fẹ́ tọkọtaya tó ń gba owó oṣù. Obìnrin kan fẹ́ràn rẹ̀, ó tilẹ̀ fún wa ní omi mu, títí tó fi gbọ́ ọ̀rọ̀ àpò. Ó ní àpò oúnjẹ adìyẹ máa ń kó eku wálé. Ibi tí kànga wà, owó wọn ga jù ú lọ. Ibi tí owó rẹ̀ ká, omi rírà ni wọ́n ń mu. Lẹ́yìn gbogbo rẹ̀, lójú ọ̀nà oko kan lẹ́yìn Àtàn ló rí yàrá sí, nínú ilé tí wọn ò tíì kọ́ parí. Páálí ló fi dí ojú fèrèsé. Kò fọ àpò mọ́. Ẹ̀gẹ́ ló ń bá àwọn tó ń yan gààrí bó, lójúmọ́ dé ojúmọ́.

Tí ẹ bá bi mí pé kí la jèrè, mo máa sọ fún yín: a ò san ìlọ́po méjì. Àwọn ilé mẹ́rin míì ládùúgbò wa gbọ́ ọ, wọ́n kọ lẹ́tà tiwọn, àwọn náà rí ẹ̀dínkù gbà. Àwa ayálégbé yàrá mọ́kànlá tó kù ṣì wà lábẹ́ òrùlé yẹn, òrùlé náà ṣì ń jò. Bàbá kan tó ti ṣe ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ pẹ́ níbi iṣẹ́ wa sọ fún mi pé nígbà tiwọn, tí wọ́n bá kọ̀wé sí ọ̀gá, wọ́n máa ń fọwọ́ sí i yípo bí ojú agogo, kí ẹnikẹ́ni má baà mọ ẹni tó ṣíwájú. Ẹ gba ìyẹn lọ́wọ́ mi, ẹ máa lò ó. Àmọ́ ẹ má rò pé àìmọ̀ ló ṣe mí. Ká ní mo mọ̀ ọ́n lọ́jọ́ yẹn, mi ò mọ̀ bóyá ǹ bá lò ó. Ibi ìsápamọ́ ni mò ń wá, ẹ̀yìn àgbà sì ni mo rí.

Nígbà tí Rónkẹ́ bímọ, mo gbé ọmọ náà lọ kí Ìyá Múfú ní Àtàn. Èèpo ẹ̀gẹ́ kún ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó nu ọwọ́ dáadáa kó tó gba ọmọ, ó gbé e lé itan, ó sì ń fi mí han àwọn obìnrin tí wọ́n jọ ń bó ẹ̀gẹ́.

"Ọmọ tí mo sọ fún yín nìyí," ló wí. "Láti ìgbà tí wọ́n ti bí mi, wọn ò fi orúkọ mi síwájú nínú ohunkóhun rí. Òun ló fi í síwájú, níṣojú gbogbo ilé. Wọ́n lé mi o, àmọ́ mo mọ̀ pé wọ́n bọlá fún mi."

Mo la ẹnu. Ọ̀rọ̀ náà dé orí ahọ́n mi. Ó ń wo ojú ọmọ, ó ń rẹ́rìn-ín, mo sì gbé e mì. Mo ti lọ síbẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta lẹ́yìn ìgbà yẹn.

Òtítọ́ yẹn ni gbèsè tí mo jẹ ẹ́. Mo mọ̀ pé bí mo bá san án, mo máa gba ohun kan ṣoṣo tó rò pé òun rí nínú ìjà wa lọ́wọ́ rẹ̀. Bí mi ò bá sì san án, olè ni mí lọ́dọ̀ rẹ̀ títí. Mo ti kọ ọ́ síbí tán, ẹ sì ti gbọ́ ọ ṣáájú ẹni tó ni ín.