Ọ̀gbẹlẹ̀ Tí A Fi Ṣọ́ Koríko

Lánàá, ọkùnrin kan ń gé koríko lẹ́yìn ilé ọmọ mi. Bí òórùn koríko tútù náà ṣe gba ojú fèrèsé wọlé ni àyà mi já. Ọmọ-ọmọ mi ní, "Màmá, kí ló dé?" Mo ní kò sí nǹkan. Ṣùgbọ́n nǹkan wà, ẹ̀rù ìgbà èwe ni.

Ní Ìsàlẹ̀ Èkó tí wọ́n bí mi sí, nígbà tí òyìnbó ṣì ń ṣèjọba, pápá kan wà létí ọ̀sà lẹ́yìn agboolé wa. Ibẹ̀ ni àwọn ará agboolé ti ń fún àgbò Iléyá wọn ní oúnjẹ, ibẹ̀ náà sì ni bàbá ọ̀rẹ́ mi, Àíṣátù, ti ń da màálù wọn díẹ̀. Fúlàní ni wọ́n. Ìyá Àíṣátù ló ń kiri wàrà dé Òkè Àrin àti Pópó Àgùdà. Kíláàsì kan náà ni èmi àti Àíṣátù wà, Yorùbá Èkó ẹnu rẹ̀ sì dán ju tèmi lọ, àgàgà bó bá ń búni.

Ọ̀gbẹlẹ̀ ọdún kan wá le. Ẹran jẹ koríko dé gbòǹgbò, ilẹ̀ pápá hàn bí orí apárí. Afẹ́fẹ́ ń gbé iyanrìn sínú ìkòkò ọbẹ̀, omi ọ̀sà sì ń jẹ etí pápá wọlé díẹ̀díẹ̀. Ni ìròyìn bá dé pé wolé-wolé ń bọ̀ wá wo pápá náà, àti pé bó bá bá a bẹ́ẹ̀, ẹran kankan kò ní dé ibẹ̀ mọ́. Àwọn ìyá wa tí kì í bẹ̀rù ẹnikẹ́ni, bí wọ́n bá gbúròó wolé-wolé, wọn a sáré da omi ìkòkò nù nítorí tanwíjí.

Àíṣátù kò jẹun nílé-ìwé mọ́. Màálù wọn kan lóyún, egungun ìhà rẹ̀ sì ti yọ síta. "Bí wọ́n bá lé wa, ibo la máa lọ?" ni ó ń bi mí ṣáá.

Tíṣà wa, ọ̀dọ́mọbìnrin ará Ìjẹ̀ṣà kan, gbọ́. Wọ́n lọ bá bàbá Àíṣátù, àwọn méjèèjì rìn yí pápá ká, wọ́n sì fẹnu kò pé kí á fi imọ̀ ọ̀pẹ dá ọgbà yí apá kan ká, kí ilẹ̀ ibẹ̀ sinmi, kí ẹran máa jẹ apá kejì. Àwa akẹ́kọ̀ọ́ di òṣìṣẹ́. À ń hú koríko tòun ti gbòǹgbò létí gọ́tà wá gbìn, à ń ru omi garawa kí aago ilé-ìwé tó lù, a sì ń gé koríko wá láti ọ̀nà Ìkòyí fún màálù aboyún náà.

Ṣùgbọ́n ẹni tí àgbò rẹ̀ ń ké ebi kò mọ ohun tí ń jẹ́ kí ilẹ̀ sinmi. Ìyá Àgbà, ìyá bàbá mi, ló kọ́kọ́ fárígá. "Ẹ dá ọgbà yí koríko ká, kí àgbò mi wá máa jẹ ìwé yín, àbí?" Gbogbo agboolé rẹ́rìn-ín. Èmi kò lè rẹ́rìn-ín. Láàárọ̀, kí n tó yọ sí pápá, mo ti máa ń rò pé àgbò ti wó ọgbà wa.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ohun tí mò ń bẹ̀rù dé. Ọgbà ti wó lápá kan, àwọn àgbò ti wọlé, ti Ìyá Àgbà ló ṣáájú wọn. Àíṣátù kò sunkún. Ó di ìwo wọn mú, ó wọ́ wọn jáde lọ́kọ̀ọ̀kan, lẹ́yìn náà ó jókòó sórí iyanrìn. Mo sáré lọ pe Ìyá Àgbà. Wọ́n dé, wọ́n wo koríko, wọ́n wo ọmọ náà pẹ́.

"Dìde, ọmọ mi," ni wọ́n wí. "Kò tíì bàjẹ́ tán."

Wọ́n ní kí àwọn ọkùnrin agboolé tún ọgbà náà ṣe. Láti ọjọ́ náà, Ìyá Àgbà gbé àpótí ìjókòó sẹ́nu ọgbà pẹ̀lú ọ̀pá lọ́wọ́, kò sì sí ẹran tó jẹ́ dán an wò.

Wolé-wolé dé nínú kákí. Ó ń rìn lórí ilẹ̀ tó ṣófo, ó ń mi orí. Nígbà tó dé ibi ọgbà, ó dúró. Koríko ti hù, ó rí fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bí irun ọmọ tuntun.

"Ta ló gbin èyí?"

Àíṣátù bọ́ síwájú.

"Àwa ni, sà," ni ó wí.

Wolé-wolé bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fa koríko kan, kò hú. "Ẹ máa ṣe é lọ. Màá padà wá lẹ́yìn òjò."

Òjò rọ̀, màálù náà bí, pápá tutù yọ̀yọ̀. Síbẹ̀, gbogbo ìgbà òjò ni a fi ń wo ẹ̀yìn bóyá ọkùnrin náà ti ń bọ̀. Kò padà wá. Ọdún díẹ̀ lẹ́yìn náà ni wọ́n kó iyanrìn wá di etí ọ̀sà, pápá di títì, àwọn Àíṣátù sì kó ẹran wọn lọ sí ọ̀nà Agége. Èmi àti Àíṣátù dì mọ́ra. N kò rí i mọ́.

Ẹni tó bá ń kọjá níbẹ̀ lónìí kò lè gbà pé màálù jẹko níbẹ̀ rí. Ilé ti yí padà, omi ti sún, àwọn tó ń gbé ibẹ̀ kò mọ orúkọ ara wọn. Ohun tí kò yí padà ni pé ó máa ń rẹ ilẹ̀, bó bá sì rí ẹni dúró tì í, ó máa ń sọjí. N kò lè kọjá lára ilẹ̀ gbígbẹ kan títí di òní kí ọkàn mi má béèrè pé: ta ló ń ṣọ́ èyí?