Ìyá Kò Sanra Tó Báyìí

Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi, tí mo ń pè ní Bùọ̀dá, kì í fi orin dán sípíkà wò. Ohùn ìyá wọn ni wọ́n máa ń gbé dání nínú kásẹ́ẹ̀tì. Iyàrá wọn ní Ṣakí ni wọ́n ti ń gba ohùn àwọn oníwákà tó ń kí Àlájì káàbọ̀ láti Mẹ́kà sílẹ̀, wọ́n á wá jókòó ti ẹ̀rọ, wọ́n á máa tún un ṣe títí ìlù ò fi ní bo orin mọ́lẹ̀.

Lọ́jọ́ tí mo bá wọn lọ ra sípíkà ní Ìsẹ́yìn, onírédíò gbé sípíkà ńlá kan jáde. Ohùn Ìyá rinlẹ̀ kìjikìji nínú rẹ̀. Ó wù mí.

"Ìyá mi ò sanra tó báyìí," ni Bùọ̀dá wí. "Gbé e kúrò."

Èyí tí wọ́n rà kéré, kò sì dùn ún gbọ́, àmọ́ a ń gbọ́ bí atẹ́gùn ṣe ń gba àlàfo eyín Ìyá.

Mo ní, "Bùọ̀dá, ṣebí tọ̀hún ló dùn jù?"

"Ìyàwó, tí sípíkà bá ń pọ́n orin lé, báwo ni mo ṣe máa mọ ibi tó kù díẹ̀ káàtó?"

Nígbà tí Bùọ̀dá kú, a wá ohùn wọn nínú gbogbo kásẹ́ẹ̀tì, ohùn ẹlòmíì ló kún ibẹ̀. A wá fi kásẹ́ẹ̀tì Ìyá sínú ẹ̀rọ. Bí Ìyá ṣe sọ̀rọ̀ tán, gbogbo ilé dìde, ó ku èmi nìkan. Ìgbà náà ni mo gbọ́ ẹnì kan nínú kásẹ́ẹ̀tì náà tó mí, tó rọra wúkọ́, tó ní, "Ó tó, Ìyá." Bùọ̀dá ni.

N ò sunkún. Mo jókòó síbẹ̀ títí téèpù fi yí tán.