Lẹ́tà Tí Mo Kà fún Atukọ̀ Wa

Èmi ni mo ń bójú tó ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ ní ẹ̀ka ilé-iṣẹ́ epo wa ní Igbókòdá. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ náà tàn dé orílẹ̀-èdè mìíràn, àwọn ọ̀gá òkè òkun ní kí a dá ẹnikẹ́ni tí kò níwèé ẹ̀rí dúró lẹ́nu iṣẹ́. Atukọ̀ wa wà lára wọn, bàbá àgbàlagbà tí òkun ti gba ilé rẹ̀ ní Aráròmí.

Òun ló fi ọkọ̀ ojú omi gbé mi lọ bá àwọn òṣìṣẹ́ wa ní Etíkàn lọ́jọ́ tí mo lọ pín lẹ́tà ìdádúró. Ibẹ̀ ni mo ti fún un ní lẹ́tà tirẹ̀. Ó ní kí n bá òun kà á.

"Màdáámù, ṣé ẹnì kan fẹjọ́ mi sùn ni?"

"Rárá o, Bàbá. Ẹ ò ṣẹ ẹnikẹ́ni."

Ó fi lẹ́tà náà sápò, ó sì na ọwọ́ fà mí wọnú ọkọ̀, torí kò sí ẹlòmíràn tí yóò gbé mi padà. Ojú tì mí débi pé n kò lè wo ẹ̀yìn níbi tó jókòó sí nídìí ẹ́ńjìnnì.

Nígbà tí a gúnlẹ̀, ó kó kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ fún mi. "Ẹ sọ fún ẹni tó ń bọ̀ pé ẹ́ńjìnnì yẹn kì í fẹ́ ìkánjú."

Mo ní màá sọ fún un. Wọn ò gba ẹnikẹ́ni sípò rẹ̀.